Jìtá Ọkọ Mi Kò Kúrò Lára Ògiri

                                        Yàrá Kejì, Òkè Pẹ́tẹ́ẹ̀sì,
                                        Iwájú Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́, ìkejì mi nídìí abẹ́rẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìkókó tí ọmọ rẹ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí? Orúnkún tó ń dùn ọ́ yẹn, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le. Inú mi ni kò dùn, mo sì fẹ́ kó o jókòó kó o tó ka ìyókù, nítorí inú ń bí mi gidigidi, ìwọ nìkan sì ni mo lè bínú lójú rẹ̀ tí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

O mọ àbúrò ọkọ mi, èyí tí mo sọ ní Akọ̀wé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, torí kì í rìn láìfi bírò sí àpò àyà. Ó wá kí mi lóṣù tó kọjá, ó ní òun wá wo bí mo ṣe ń ṣe láti ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Ó jẹun tán, ó mumi tán, ojú rẹ̀ bá lọ sára ògiri. Ó ní, "Ìyàwó wa, kí ni jìtá yìí ń ṣe níbẹ̀? Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò, eruku ló ń kó. Màá gbé e lọ." Ọ̀rẹ́ mi, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àga tó kán lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ gbọ́wọ́ kúrò, mo ní èmi ń lò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ta á kí òun gbọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò fọwọ́ kan jìtá yẹn rí, àfi tí mo bá ń nù ún. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bí mo bá ta orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, jìtá di tèmi. Bí mo bá dúró lẹ́ẹ̀kan péré, kó gbé e, mi ò ní sọ̀rọ̀.

Mo lọ bá onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun nísàlẹ̀ ilé wa. Òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ máa ń ta jìtá nígbà tí oníbàárà ò bá sí. Ibi mẹ́ta péré ló kọ́ mi láti máa fìka tẹ okùn, ó ní orin tí ọkọ mi fẹ́ràn jù ò ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lọ. Ìka mi bó, mo fara dà á, ṣebí abẹ́rẹ́ ti gún wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni wàhálà. Ó ní kí n máa gbá okùn wálẹ̀, kí n gbá a gòkè, wálẹ̀, gòkè, kí ọwọ́ má dúró láé. Kódà níbi tí kò bá yẹ kó kan okùn, kó ṣáà máa lọ lófìfo. Bí mo bá ṣì í, kí n jẹ́ kó kọjá.

Kó kọjá kẹ̀! Èmi? O rántí màdáámù tó kọ́ wa níṣẹ́: "Bó bá ti wọ́, dúró, tú u, tún un rán." Ẹni tó bá rán kọjá àṣìṣe, rúlà ló máa fi gbá a níka. Òun ló sọ mí ní Atúnrán. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń dúró, tí mo ń tú. Bí ìka mi bá ti bọ́ síbi tí kò yẹ báyìí, ọwọ́ ọ̀tún á dúró gbagidi, màá padà síbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, mi ò tíì dé ìdajì orin. Onígbàjámọ̀ ní bí òun bá ń gẹ irun báyìí, ààbọ̀ orí ni oníbàárà máa gbé lọ sílé. Mo gbé jìtá mi, mo gòkè lọ. Mo bínú sí i, mo bínú sí Akọ̀wé, mo tún bínú sí màdáámù tó ti kú, kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ yìí gòkè wá bá mi, kò tiẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní kí n jókòó sídìí maṣíìnì, kí n yọ òwú lójú abẹ́rẹ́, kí n gbé aṣọ kúrò, kí n máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lásán, kí n wá gbé jìtá lé itan. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ mi ń lọ, ọwọ́ mi ń bá a lọ, wálẹ̀, gòkè. Mo ṣì í, kò sí òwú tó lọ́, kò sí aṣọ tó bàjẹ́. Ẹsẹ̀ ò dúró, ọwọ́ náà ò rójú dúró. Mo ta orin náà tán, ó sì bá ìró maṣíìnì mu rẹ́gí, bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n mọ́ èèyàn lára. Mo bi í bó ṣe mọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ní òun rò pé mo ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní bí ọkọ mi bá ń ta jìtá nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ òun, á sáré, á tún máa falẹ̀, wọ́n á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òkè lọ́dọ̀ mi nìkan ló ti máa ń gún régé. Òun bi í léèrè ìdí, ọkọ mi sì dáhùn pé ẹsẹ̀ ìyàwó òun lórí maṣíìnì ni òun ń tẹ̀ lé.

Ṣé o rántí ìjà tí mo máa ń bá a jà? Ìwọ náà mà ti bá wa parí ẹ̀ rí. Bí mo bá ń ránṣọ, á jókòó sẹ́yìn mi, á máa ta jìtá. Bí mo bá dúró láti tú aṣọ, òun náà á dúró. Mo ní ó ń sín mi jẹ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jágbe mọ́ ọn pé kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, kó lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Á kàn rẹ́rìn-ín, á sì dúró dè mí títí màá fi tú u tán. Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Kí ló máa ná an? Inú ń bí mi sí i ju bó ṣe ń bí mi sí Akọ̀wé lọ, kò sì sí nílé kí n bá a jà.

Akọ̀wé dé lọ́jọ́ Sátidé. Mo jókòó sídìí maṣíìnì, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́ẹ̀kejì burú débi pé onígbàjámọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà dijú. Mi ò dúró. Nígbà tí mo parí, Akọ̀wé ní òun ò gbà, ó ní mo rẹ́ òun jẹ, ó ní ta ló ń ta jìtá nídìí maṣíìnì láyé yìí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ni."

Ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un ta. Mo tún un ta.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé, kó o sì fi epo pa orúnkún yẹn. Bí ọkọ rẹ bá sì ní ohun kan tó máa ń ṣe tó ń bí ọ nínú, bi í léèrè ìdí rẹ̀ lónìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ṣì ń bí,
Atúnrán.