Ẹ̀yìn Delvin

Cane Gap,
Saint Philip, Barbados.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta.

Shonelle ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti inú ilé tí a bí ọ sí. Mo nírètí pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ nínú ara líle, àti pé òtútù Toronto kò wọ ọ́ légungun ju bó ṣe yẹ lọ. Ara ìyá rẹ le. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń bá mi ṣe àwàdà tí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Kí ọkàn rẹ tètè balẹ̀, ẹ̀yìn Delvin àbúrò rẹ ti san. Ó ti padà sínú ẹgbẹ́ kírikẹ́ẹ̀tì West Indies. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í tẹ́ ọ lọ́rùn.

Nígbà tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sán lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ tí o jẹ́ nọ́ọ̀sì kọ̀wé sí mi pé kí n sọ fún un kó fi kírikẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, pé bó bá tún sán, ó lè má lè gbé ọmọ tirẹ̀ dání lọ́jọ́ iwájú. Shonelle, mi ò sọ fún un. Mo ka lẹ́tà rẹ títí ó fi ya níbi tí mo ti ń ká a. N óò lọ bá a ní yàrá, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀fun mi, n óò sì bi í bóyá ó ti jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lé àwọn àgbà ọkùnrin sẹ́yìn, ló wá ń sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ torí pé bẹ́ẹ̀dì ń dùn ún.

Bàbá Gittens apẹja ló kó wa yọ, ọkùnrin gíga tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún Saint Philip kí a tó bí ọ. Ó wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí Delvin tẹ̀ lé òun lọ sí etí òkun nígbà tí omi bá ti fà, kó ju bọ́ọ̀lù mẹ́fà péré, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá rẹ ta kò ó títí, ẹnu rẹ̀ kò ràn án. Èmi náà bá wọn lọ. Nígbà tí a débẹ̀, bàbá náà kò tilẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ojú ẹsẹ̀ Delvin lórí iyanrìn tútù.

Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ kọjú síwájú, èjìká rẹ kọjú sí òkun. Ẹ̀yìn wo ló máa gba irú ìyẹn? Ta ló kọ́ ọ?”

Èmi ni mo dáhùn pé èmi ni. O mọ bí Gap wa, ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ ilé yìí, ṣe há tó, odi wa lápá kan, páànù ọgbà Mísì Inniss aládùúgbò wa lápá kejì, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tí a fi ń ṣeré tó bá sì kan páànù náà ti di tirẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọmọ ọdún méje pé kó gbé ẹsẹ̀ síwájú gbọnrangandan, kó wá lọ́ èjìká kí apá rẹ̀ má baà kan páànù. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi dé ẹgbẹ́ West Indies.

Bàbá Gittens wò mí, ó ní, “Livingstone, ìwọ àti Mísì Inniss ẹ jọ ṣẹ́ ẹ̀yìn ọmọ yìí nítorí bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì.”

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo bẹ Delvin. Ó ní, “Dádì, bí kì í bá ṣe ti Gap, ǹ bá má mọ bọ́ọ̀lù ú jù rárá. Ẹ lọ jẹun.”

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lórí iyanrìn yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìsí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rárá, ìrìn lásán, bàbá náà á fi igi fa ìlà síbi tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí. Dókítà ẹgbẹ́ ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ. Àmọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò yára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ pé ó ti tán. Àwọn ọkùnrin ilé ọtí náà kò dákẹ́, wọ́n ń bi í bóyá bọ́ọ̀lù rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú pátákó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè é láti bá àwọn ará Sri Lanka gbá a ní Bridgetown. A jókòó ní pápá, ìyá rẹ gbé páì makaróní lé itan látàárọ̀, kò ṣí i. Ní ọjọ́ kẹta eré náà, Delvin sáré wá láti ọ̀ọ́kán, bí ó ṣe máa ń sáré tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì fa igi àárín nínú mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹni tó mú pátákó tu. Gbogbo ènìyàn fò dìde, ẹnì kan da ọtí sí mi ní fìlà. Mi ò rí igi náà nígbà tó ń fò. Ọwọ́ ọmọ mi ni mò ń wò, bóyá yóò lọ sí ìbàdí. Kò lọ síbẹ̀. Òkè ló lọ.

Má bínú pé mi ò jíṣẹ́ rẹ. Òótọ́ lo sọ, ẹ̀rù sì ṣì ń bà mí díẹ̀. Bó bá tún dùn ún, èmi fúnra mi ni n óò sọ ọ́, mi ò ní béèrè oúnjẹ mọ́.

Kí Ọlọ́run tó ń so egungun pọ̀ máa ṣọ́ ọ. Àwọn aláìsàn ọwọ́ rẹ, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọn yóò máa fi rìn lọ sílé. Ayọ̀ rẹ kò ní já sí ẹkún.

Èmi ni bàbá rẹ tí kì í yé ṣàníyàn,
Livingstone Yearwood.

Mo gbàgbé: Delvin ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun sunkún lọ́rùn ìyá rẹ lẹ́yìn eré náà. Nítorí náà, mi ò sọ fún ọ.