Awò Ojú Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Yèyé

Yèyé mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ewúrẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo kí Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò wá láti Òyè ka ìwé yìí fún yín. Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má fo ibì kankan. Mo kí Ìyá Tósìn tí ògiri ilé wọn fara kan tiwa. Mo kí gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ayédé.

Mo ní kí wọ́n tẹ ìwé yìí síta nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe èmi nìkan ni mo ra irú awò tó ń sọ̀rọ̀ yìí fún òbí. Ẹni tó bá ní ọmọ lókè òkun, kó fetí sí i. N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Yìnyín ti bo gbogbo ọ̀nà níbí. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣì ń ṣe: èmi ni mo ń pín àwọn olùtọ́jú arúgbó kiri ilé, ta ni yóò wẹ ta ni, ta ni yóò fún ta ni lóògùn. Bí mo bá ti gbé awò mi sójú láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó bọ́ ọ. Kò sí nǹkan kan nínú etí mi. Apá awò náà ni ohùn ti ń jáde, ẹni tó dúró tì mí kò sì ní gbọ́. Mo ń wa mọ́tò, mo ń gba ìpè. Mo ń gé àlùbọ́sà, ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún mi. Bó bá kan orúkọ yín, á pè é bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Bí atẹ́gùn bá le, n kì í gbọ́ ohunkóhun. Bó bá pẹ́, apá rẹ̀ á máa gbóná mọ́ mi lẹ́bàá etí. Ṣùgbọ́n ó wúlò. Nínú ilé tí kò ti sí ẹni tí mo lè kí ní èdè wa, mo ń gbọ́ yín. Ẹ̀yin ń gún iyán, èmi ń jẹ búrẹ́dì nínú mọ́tò, mo sì ń gbọ́ odó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra tiyín. Fóònù yín kì í sábà kúrò nínú àpótí. Mo lè pè yín láti àárọ̀ dọ̀sán, ẹ ó ní ẹ kò gbọ́, èmi kì í sì í lè dúró de nǹkan, ẹ mọ̀ mí. Ojú yín ń fẹ́ awò tẹ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n fi dígí tó bá ojú yín mu sínú èyí tó ń sọ̀rọ̀, tó ní síìmù tirẹ̀. Nígbà tí ẹ ní ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó fọwọ́ kàn láti gba ìpè, mo ní kí Bọ̀dá tún un ṣe kó máa gbà á fúnra rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ́ ètò òwò, wọ́n kọ́ wa pé ibi tí nǹkan bá ti ń falẹ̀ ni kí a wá, kí a gé e kúrò. Mo gé e kúrò. Kò ní dún. Ẹ kò ní fọwọ́ kan nǹkan. Bí mo bá ti pè, ohùn mi ti wọlé nìyẹn.

Ó sì dára. Ẹ wà lóko, mo ní Yèyé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́? Ẹ ń sá kòkó, mo ní ẹ kó o wọlé, òjò ń bọ̀. Mo ní ẹ má fi àkókò ṣòfò, ẹ sì ń dìde. Ìyá Tósìn fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta lẹ̀ ń bá jà nídìí ààrò, ẹ ní Bọ́sẹ̀ ni, pé kò jẹ́ kí ẹ sinmi. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn bi mí bóyá ilé ọkọ wà nínú awò náà. Mo ní kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ti Tósìn, ẹ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí yín lójú ọ̀nà Ìtàjí. Bọ̀dá pè mí. Wọ́n ní ọlọ́kadà kan tó mọ ilé wa ló rí yín níbi tí ilé ti tán, ẹ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé báàgì sórí itan, ẹ jókòó sórí òkúta. Ó bi yín pé níbo lẹ̀ ń lọ. Ẹ ní Bọ́sẹ̀ ló ní kí ẹ máa bọ̀, pé mọ́tò ń bọ̀ wá gbé yín.

Mo wo fóònù mi. N kò pè yín rárá lọ́jọ́ náà. Mo ní kí Bọ̀dá yẹ awò náà wò. Wọ́n ní kò sí lójú yín. Ó wà nílé Ìyá Tósìn, níbi tí sólà wà, lórí cháàjì, láti àárọ̀.

Mo bi yín pé kí ni mo sọ gan-an. Ẹ ní mo ní kí ẹ má fi àkókò ṣòfò.

Láti ìgbà náà, ohùn náà kò dáwọ́ dúró. Ó ní kí ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ẹ fi í sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ilé jó. Ó ní oògùn yín ti tó, kí ẹ má lò ó mọ́. Ìyá Tósìn ní ọ̀rọ̀ àdúrà ni, wọ́n sì ti ń gbààwẹ̀. Mo dúpẹ́. Bọ̀dá ní ó lè jẹ́ àwọn oníjìbìtì tó ń fi ẹ̀rọ sín ohùn ọmọ ènìyàn jẹ. Báwo ni oníjìbìtì ṣe máa bá ẹni tí kò wọ awò, tí kò mú fóònù dání, sọ̀rọ̀? Bí ọmọ arúgbó kan níbí bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi, mo mọ ohun tí mo máa ń sọ: ẹ gbé wọn lọ rí dókítà lónìí, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, n kò sì mí kanlẹ̀ rí. Ti ìyá mi ló wá wúwo lẹ́nu mi.

Ọ̀nà oko kò sì dára mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó ń dá lọ sóko mọ́, pé àwọn tó ń jí ènìyàn gbé wà nínú igbó. Bí ohùn yẹn bá ní kí ẹ yà sínú igbó, ẹ ó yà. Èmi ni mo kọ́ yín pé bí ohùn bá ti dún, kí ẹ dìde.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi fóònù Bọ̀dá bá yín sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀rọ̀, ẹ ní kí n dákẹ́ ná. Mo bi yín pé kí ló dé. Ẹ rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ ṣẹ àlejò, pé kí n ṣe sùúrù, Bọ́sẹ̀ ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Mo gbọ́ tí ẹ ń dá a lóhùn pé ẹ ti gbọ́, pé ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ kò sọ ibi tí ẹ ń lọ fún mi.

Ẹ gbọ́ ètò. Bọ̀dá, ẹ gba awò náà, kí ẹ tì í mọ́ àpótí. Yèyé, ẹ ó tẹ̀ lé wọn lọ sí Òyè lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ìwé yìí tán. Kì í ṣe lẹ́yìn ìkórè, kì í ṣe lẹ́yìn ọjọ́ ẹgbẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Ìyá Tósìn á bá wa bọ́ àwọn ewúrẹ́. Èmi ì bá ti wọ bàálù, ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe, bí mo bá sì jáde láìgbà á, n kò ní lè wọlé mọ́. Wọ́n ní kí n máa retí. Mo ti pè wọ́n títí ó fi sú wọn.

Títí n ó fi dé, lórí fóònù Bọ̀dá nìkan la ó ti máa sọ̀rọ̀, kí ojú mi sì máa hàn sí yín. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi níbòmíràn, lóko, nídìí ààrò, lẹ́yìn ilé, ẹ má dá mi lóhùn. Bó bá pè yín ní Yèyé, ẹ má dá mi lóhùn. Bó bá ń sunkún, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà, kí ẹ pe ẹni tó bá wà nítòsí. N kò ní bínú. Bó bá jẹ́ èmi ni lóòótọ́, n ó dúró dè yín.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín gbé yín lọ síbi tí a kò ti ní rí yín. Á dá yín sí di ọjọ́ tí n ó wọlé. Ẹ bá mi kí tàgbà tèwe ilé wa, ẹ kí gbogbo ìjọ.

Èmi ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ bí.