Igi Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Agolo

                                        Yàrá Àwọn Olùkọ́,
                                        Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àbíkẹ́yìn rẹ tí kì í jẹ́ kí o sùn ńkọ́? Mo gbà pé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ọgbọ́n tí o kọ́ mi yẹn ṣiṣẹ́ gan-an. Mo kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sára igi pẹlẹbẹ, mo kó wọn sínú agolo. Bí mo bá ti béèrè ohun tí a kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, n ó dákẹ́ díẹ̀ kí gbogbo wọn ronú, kí n tó fa igi kan yọ. Àwọn aláriwo iwájú nìkan kọ́ ló ń dáhùn mọ́. Àwọn tó ń sùn lẹ́yìn pàápàá ti lajú! Ẹ̀kọ́ sì ń dúró sí wọn lórí ju ìgbà tí mo kàn ń pariwo lọ.

Àmọ́ ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ obìnrin télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, tó máa ń kólòlò. Mi ò fẹ́ kí àwọn yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá rọra yọ igi tirẹ̀, mo fi sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo tún ń yin ara mi pé aláàánú ni mí!

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ yà kí mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun o. Bí mo bá ti jókòó ti maṣíìnì báyìí, ọmọ yìí á lọ dúró síwájú dígí, á máa dáhùn ìbéèrè yín. Ó ní ìgbàkígbà ni orúkọ òun lè jáde." Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo obìnrin náà. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibi tí mo ti ń mú igi náà jáde nínú dúrọ́ọ̀ láti dá a padà sínú agolo ni ọmọ náà ti wọlé. Ó rí orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó wo dúrọ́ọ̀, ó wo agolo, ó lọ jókòó.

Lónìí, mo béèrè, mo dákẹ́, mo fa igi: tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wò mí, ó ní, "Ẹ bi ẹlòmíràn, mà." Kò kólòlò rárá.

Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan. Ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n ṣe? Má fi bò fún mi, bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi.

Bá mi kí gbogbo ilé. Tètè fèsì, nítorí lọ́la náà n ó tún dúró níwájú ọmọ yẹn.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
                                        Tíṣà Kékeré.