Bùbá Mẹ́ta Lábẹ́ Agbádá

Agége, Èkó.

Bọ̀dá mi Abdulafeez,

Àsàláámù aléékùm. Ẹ kú otútù ibẹ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà? Màmá ń kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. Ameenat àbúrò wa ti rí ṣọ́ọ̀bù ní Abúlé Ẹ̀gbá.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé, nítorí wọn kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ Iléyá tí ẹ rí wọn nínú fídíò, tí ẹ ní, "Bàbá, ẹ mà ti sanra o," bùbá mẹ́ta ni wọ́n wọ̀ sábẹ́ agbádá. Wọ́n ti rù kan eegun. Kí wọ́n tó rìn dé mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. A rò pé ààwẹ̀ ló fà á, àmọ́ ààwẹ̀ parí, ara ò padà.

Dókítà ní eruku pákó tí wọ́n ti ń fà símú látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe káfíńtà ló ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ó ní mímí lásán ti ń gba gbogbo okun wọn, bí wọ́n sì ṣe ń rù sí i ni agbára tí wọ́n fi ń mí ń dín kù. Kí wọ́n máa jẹun dáadáa, kí wọ́n sì padà wá fún ìtọ́jú.

Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo bẹ̀, mo bínú. Wọ́n ní, "Abdulafeez tó wà lókè òkun rí i pé mo sanra, ìwọ tó wà nílé lo wá ń rí àìsàn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ má yìn wọ́n mọ́. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ agbádá, kí wọ́n bọ́ bùbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ wo bàbá yín dáadáa.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbẹ̀. Kó má jẹ́ pé aṣọ nìkan lẹ máa bá nílé.

Èmi àbúrò yín,
Shukurat