Bàtà Ọmọ Mẹ́fà Lẹ́nu Ilé Atẹ́gùn

Ilé Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé-ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà? Ẹ kú iṣẹ́ àwọn aboyún o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin agbẹ̀bí kì í ráyè sinmi, àwọn ọmọ tuntun yẹn kì í béèrè bóyá ẹ ti jẹun kí wọ́n tó dé. Ara tèmi le. Ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́, ọmọ mi, ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè yín lórí fóònù. Ọmọ tó wà nínú ilé yìí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo bá ti gbé fóònù. Ìwé ni kò tíì lè kà.

Ẹ rántí bí Abẹ́rẹ́ ṣe rí látìgbà tí a ti kó wá sí àdúgbò yìí. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ torí pé ó tín-ín-rín, kì í sì í pariwo. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ yẹn ti wá pọ̀ jù. Tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré níta, ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi ló máa jókòó sí, á máa ṣa òwú nílẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an. Mo ní kí n ra nǹkan tó máa fa àwọn ọmọ wá bá a nílé, torí ọgbà tó wà lẹ́yìnkùlé wa ò wúlò fún nǹkan kan ju kí n sá aṣọ síbẹ̀ lọ. Báyìí ni mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì pé ẹnì kan fẹ́ ta ilé atẹ́gùn. Ilé onírọ́bà ni, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i tó fi máa dìde, àwọn ọmọ á wá máa fò sókè-sódò nínú rẹ̀.

Tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń tà á. Ẹ mọ̀ mí lórí ọjà níná, mo ti múra sílẹ̀ láti ilé. Ìyáàfin yìí ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ráyè. Iye tí mo kọ́kọ́ pè ló gbà, inú sì ń bí mi pé mi ò pè é wálẹ̀ sí i. Mo yẹ gbogbo ojú rírán rẹ̀ wò, kò sí ibi tó tú. Igun mẹ́rin ló ní, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, méjì tó kù jẹ́ yẹ́lò.

Ohun kan ṣoṣo ni tísà sọ fún mi. Ó ní kí n máa ka àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ṣì wà nínú rẹ̀, kí n tó ní kí wọ́n jáde. Tí wọ́n bá ti ju iye tó wọlé lọ, kí n má pa ẹ̀rọ. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú, mo ní ẹ ṣé mà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ bí màmá wa ṣe tọ́ wa. Ta ló máa na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ, táá máa kà wọ́n bí ẹni ń ka ẹyin? Tí ìyá ọmọ kan bá ká mi mọ́ ọn, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bá dá ọgbọ́n tèmi. Àwọn ọmọ kì í wọ bàtà wọnú ilé atẹ́gùn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ ọ sí. Bàtà ni mo ń kà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, nínú oṣù kẹta, bàtà ọmọ mẹ́fà ni mo kà, ti Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kò sí bàtà nílẹ̀ mọ́, mo pa ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ti rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ilé náà wó lulẹ̀ pẹrẹsẹ, àfi igun pupa. Ó ga sókè níwọ̀n ọmọ tó jókòó. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní oòrùn ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní Sátidé-Sátidé fún oṣù márùn-ún. Nígbà tó yá, Abẹ́rẹ́ sọ fún mi pé òun ti ní ọ̀rẹ́. Mo bi í pé èwo nínú wọn. Ó ní kì í ṣe nínú àwọn tó ń wọlé, èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun máa ń fi ọwọ́ wọn èjìká òun, bí mo ṣe máa ń wọn àwọn oníbàárà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo kábàámọ̀ ẹ̀rín yẹn ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Sátidé tó kọjá ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ọmọ jáde, kálukú wọ bàtà, wọ́n lọ. Abẹ́rẹ́ lọ ń fọ ọwọ́ nídìí omi ẹ̀rọ, bàtà aláwọ̀ ewé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti pa ẹ̀rọ, ìka mi ti wà lórí rẹ̀, ni mo bá gbọ́ ohùn Abẹ́rẹ́ láti inú ilé atẹ́gùn. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, mi ò rí bàtà mi."

Mo bojú wẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ wà nídìí omi, ó ń wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ kan bo ìkejì.

Mo kó wọnú ilé náà tòun ti bàtà. Kò sẹ́nì kankan. Igun pupa nìkan ló ń wú tó ń rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ikùn ọmọ tó ń sùn. Láti ọjọ́ náà, mi ò pa ẹ̀rọ.

Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú téèpù. Lóṣù tó kọjá ni mo tú etí gáùn Abẹ́rẹ́ tó ti kúrú, mo fi ìka méjì kún gígùn rẹ̀. Ní Sọ́ńdè, mo wọ̀ ọ́ fún ọmọ tó wà nílé yìí, ó ń wọ́ nílẹ̀. Mo wọn èjìká, mo wọn àyà, mo wọn gígùn. Gbogbo rẹ̀ bá ohun tí mo kọ sínú ìwé ìwọ̀n mi lóṣù kẹta mu, ìlà kan ò yẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n wọn ọmọ mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, tí wọ́n wá rán òmíràn jáde.

Ní Mọ́ńdè, mo sáré lọ bá tísà. Kò tiẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ṣé ẹ kà wọ́n?" Mo ní bàtà ni mo kà. Ó ní kí n wọlé. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ rẹ̀, kò ṣeré, kò sọ̀rọ̀. Fọ́tò ọmọ náà wà lára ògiri, ó ti ṣá, ó ti gbó, síbẹ̀ ọmọ inú fọ́tò àti ọmọ orí ẹní, ọgbọọgba ni. Tísà rí i pé mo ń wò ó. Ó ní, "Èmi pa ẹ̀rọ tèmi. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn."

Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi tà á fún mi. Ó ní òun rò pé tí ẹlòmíràn bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bóyá ti òun á jáde. Mo fẹ́ bínú, inú ò bí mi.

Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ò bá tíì kú, ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀. Ó ní èmi ò lè pè é jáde, torí tí mo bá ti pe Abẹ́rẹ́, èyí tó wà nílé ló ń dá mi lóhùn. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀ láyé ló lè dúró lẹ́nu ọ̀nà pè é. Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín ni mo bí i sí.

Iná ìlú ò ṣe é gbọ́kàn lé, mo ti yá jẹnẹrétọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò wa. Ìdí fèrèsé ni mo ń rán aṣọ, kí n lè máa gbọ́ ẹ̀rọ. Èyí tó wà nílé ò ṣe mí ní ibi kankan. Ó ń jẹun, ó ń kí ènìyàn, ó tiẹ̀ yá mọ́ni ju Abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn ará àdúgbò ń bá mi yọ̀ pé ọmọ mi ti lanu. Àràárọ̀ ló ń bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ máa pa ẹ̀rọ yẹn?"

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ má tíì sọ fún wọn. Ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ má sì kó wọn dání. Ẹ ṣáà máa bọ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi ra bàtà kan lọ́nà, ti ọmọ ọdún mẹ́fà, kó fẹ̀ díẹ̀ torí ó ti dàgbà sí i. Nígbà tó bá jáde, kò ní rí nǹkan wọ̀. Tiẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ èyí tó wà nílé.

Èmi tí mò ń retí yín lẹ́nu ọ̀nà,
Àbúrò yín,
Aránṣọ.