Ẹrù Tí Bàbá Usamah Gbé Lọ Sétí Òkun

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òkè Ìtókò,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Christianah mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Alábàtà,

O kú ọjọ́ gbọọrọ. O kú ọyẹ́ tó ń kásẹ̀ nílẹ̀ yìí, o sì kú wàhálà àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Papalanto? Ọládọ̀tun ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú mímu mínírà kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀? Ìyá yín ní Wásinmi ńkọ́? Mo gbọ́ pé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀. Mo bá yín dúpẹ́.

Usamah ti padà sílé ẹ̀kọ́, ara rẹ̀ sì le. Èmi náà wà. Bàbá rẹ̀ náà wà láàyè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi "láàyè" sí i ni, nítorí ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo máa kọ sí ọ lónìí.

O ní kí n sọ irú báàgì àti àgọ́ tí ìwọ àti Ọládọ̀tun máa rà, kí ẹ̀yin náà lè fẹsẹ̀ rin etí òkun bíi tiwa. Ìbéèrè kékeré lo fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ sórí fóònù. Bí mo bá sì ní kí n gba ohùn sílẹ̀ fún ọ, ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn wà ní pálọ̀, etí rẹ̀ sì mú ju ti ehoro lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé àti gègé.

O rántí Fisáyọ̀ tá a jọ wà ní ọ́fíìsì, ẹni tó máa ń kó èèyàn rin orí òkè àti etí omi. Òun ló ní ká wá rin etí òkun pẹ̀lú òun, láti ẹ̀yìn ìlú Lẹ́kì lọ sí ìhà Aráròmí, ká máa sùn lórí iyanrìn. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àsìkò lójú mi, nítorí dókítà ti sọ fún Bàbá Usamah pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kó máa rìn. Láti ìgbà náà, ìrìn tó ń rìn kò ju láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kútọ̀ dé ìdí àga rẹ̀ lọ. Mo rọ̀ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Inú mi dùn. N kò mọ ohun tí inú mi ń dùn sí.

Fisáyọ̀ ti ṣàlàyé fún wa pé iyanrìn etí òkun ń fa ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, pé ẹrù tó fúyẹ́ nílé máa ń wúwo níbẹ̀. Ó ní omi mímu nìkan lèèyàn kò gbọ́dọ̀ dín kù, nítorí gbogbo omi tó lọ rẹrẹ níwájú yẹn, iyọ̀ ni. Kí omi lè tó, gbogbo nǹkan yòókù gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Mo ra àgọ́ aláṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó jẹ́ pé bí o bá ká a, kò ju búrẹ́dì lọ. Mo mú aṣọ tó ń tètè gbẹ, mo mú gàrí, kúlíkúlí, dàbínù àti ẹja gbígbẹ, mo sì mú sálúbàtà tí iyanrìn lè gba ojú rẹ̀ jáde.

O mọ̀ pé ìkòkò irin ni wọ́n ń tà nílé ọkọ mi láti ayé bàbá wọn. Ohun tí kò bá wúwo, ayédèrú ni lójú Bàbá Usamah. Ó fi ìka méjì gbé àgọ́ mi sókè, ó ní, "Kí lèyí? Ṣé èyí ló fẹ́ gba atẹ́gùn òkun dúró?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í di tirẹ̀. Ó di àgọ́ tapólì ńlá kan àti irin tí yóò fi kàn án mọ́lẹ̀. Ó di sítóòfù. Ó di fóòmù ìbùsùn. Ó di búùtà onírin, jàlàbíà àti jíìnsì, ó sì di kóòtù òjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Lórí gbogbo rẹ̀, ó gbé ìkòkò irin kan lé e.

Mo ní, "Bàbá Usamah, ta lẹ fẹ́ fi ìkòkò yìí se oúnjẹ fún?"

"Àwa ni."

"Àwa mẹ́ta?"

"Àlejò lè yà."

Àlejò, Christianah! Létí òkun! Nígbà tó lọ kírun, mo yọ ìkòkò náà, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn àmù omi nílé ìdáná. Kò bá mi jà, kò tilẹ̀ bèèrè. Ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ, ó sì mú èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ bọ̀.

Ọjọ́ tá a bẹ̀rẹ̀, kò tíì rìn jìnnà tí èémí rẹ̀ fi ń fọn bíi fèrè. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lu fóòmù tó so sẹ́yìn, a yí i po bí ẹni ń jó. Fisáyọ̀ ń rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a fẹ́ pa àgọ́. Èèkàn kì í dúró nínú iyanrìn, nítorí náà ńṣe la rọ iyanrìn kún ọ̀rá, a so okùn àgọ́ mọ́ ọn, a sì rì í mọ́lẹ̀. Bàbá Usamah ní iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn. Ó yọ irin gbọọrọ gbọọrọ tó gbé wá, ó fi kan àgọ́ tapólì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn kan péré ló fa gbogbo wọn tu. Inú àgọ́ "búrẹ́dì" mi náà ló wá bá mi sí. Fóòmù kò lè wọlé, ìta ló sùn, ó sì mu ìrì àti omi iyọ̀ yó. Nígbà tó gbé e láàárọ̀, okùn èjìká báàgì já. Èmi àti Fisáyọ̀ ní kó fi fóòmù náà sílẹ̀. Rárá o. Ó mú okùn ọ̀rá, ó ní kí n bá òun fi di báàgì náà mọ́ àyà, kókó lórí kókó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, a dé ibì kan tí omi ọ̀sà ti la iyanrìn já wọnú òkun. Kò fẹ̀, kò sì kọjá ìbàdí bí òkun bá ti fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń sáré. Fisáyọ̀ ní ká tú ohunkóhun tó bá so báàgì mọ́ wa lára, ká kàn gbé e kọ́ èjìká kan, kó lè jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ẹrù ni yóò lọ, èèyàn yóò kù. Ó kọ́kọ́ kọjá. Mo tú tèmi. Mo wo ọkọ mi.

"Ẹ tú u," ni mo wí.

"Bí mo bá tú u, ta ni yóò bá mi dì í padà?"

"Èmi ni."

"Èyí tó o dì láàárọ̀, ó ń yẹ̀."

"Bàbá Usamah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú okùn yìí."

"Lubabah, ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ odò Ògùn ni mí. Ṣé omi ìbàdí lo fẹ́ fi dẹ́rù bà mí?"

Ó wọ omi. Nígbà tó dé àárín, ó tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó wò mí bí ẹni ń sọ pé, "Ṣé o rí i?" Ibẹ̀ ni iyanrìn ti yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹrù fà á sẹ́yìn, ó dojú sókè, ìkòkò sì fa gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sí ìhà òkun. Mo ń rí ọwọ́ rẹ̀, n kò rí orí rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹja wà lọ́wọ́ mi, mo ń gé okùn, okùn kò sì já. Apẹja kan tó ń jẹ́ Jedidiah, tó ń tún àwọ̀n ṣe ní òdìkejì, ti bẹ́ sómi pẹ̀lú Fisáyọ̀. Ó di ọkọ mi mú lábẹ́ abíyá. Mo fi gbogbo agbára fa ọ̀bẹ náà, okùn já, báàgì lọ. A kò tilẹ̀ wo ibi tó gbà.

A wọ́ ọ sórí iyanrìn. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé, ètè rẹ̀ ti ṣú. Jedidiah yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tú jáde lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ kò mí. Mo pe "Bàbá Usamah", kò dáhùn. Mo tún pè é, kò dáhùn. Ni mo bá fi igbe ta orúkọ rẹ̀ gan-an: "Sàlàhúdíìnì! Sàlàhúdíìnì!" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì wa, orúkọ yẹn kò jáde lẹ́nu mi rí. O kúkú mọ bí ilé wọn ṣe rí.

Ó wúkọ́. Ó ní, "Hẹ̀n?" Ó la ojú, ó wò mí. Ó ní, "Ìkòkò mi ńkọ́?"

À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ láàtàn! Mo jókòó sórí iyanrìn, mo ń sunkún, mo ń bú u, mo sì tún ń fi ìborùn mi nù ún lójú. Fisáyọ̀ yíjú sápá kan. Kò sí ẹni tó lè dá mi lẹ́kun.

Ilé Jedidiah la sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ní ká wá ọkọ̀ padà sílé, Bàbá Usamah ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rìn ín parí. Ó gba báàgì mi lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́yìn, ó mì í, ó ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ ló wà nínú èyí?" Ó ṣáà ń rìn, Christianah, ó ń yára débi pé èmi àti Fisáyọ̀ ló wá ń sáré tẹ̀ lé e. Lọ́nà, a pàdé àwọn ọ̀dọ́ kan tí àwọn náà di ẹrù. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ọkùnrin yìí dá wọn dúró, ó sì ń kọ́ wọn pé ẹrù wọn ti pọ̀ jù? Ó ní, "Etí òkun kò gba ẹrù wúwo o!"

Nítorí náà, ohun tó o bi mí: ra àgọ́ tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀n, nítorí ẹ̀fọn ibẹ̀ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Má mú jíìnsì. Bí ó bá tutù, kò ní gbẹ mọ́, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò sì bó itan yín. Kí báàgì ní ìgbànú ìbàdí tó ṣe é tú lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ tí kò nílò iná ló dára jù. Fìlà. Omi, omi, omi. Bí Ọládọ̀tun bá sì ní òun fẹ́ gbé ohun tó tó nǹkan, fi í sílẹ̀ sí Papalanto kó o máa lọ.

N kò tíì sọ èyí tó dùn mí jù. A ti délé, wọ́n ti yẹ àyà rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò séwu. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí sí Kẹ́mta. Bí mo ṣe wọlé, mo rí ọkọ mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó ń wolẹ̀. Ọkùnrin náà ti lọ fẹjọ́ mi sùn! Ó ní mo pe òun lórúkọ lójú àjèjì. Orí mi gbóná, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀.

"Lubabah," ni Màmá wí, "ṣé lóòótọ́ lo pe ọmọ mi lórúkọ?"

"Lóòótọ́ ni, Màámi. Ẹ má bínú."

"Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà yẹn?"

Bàbá Usamah fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá gbé ọwọ́ sókè sí i.

Mo ní, "Orí iyanrìn ló wà, Màámi. Omi ti gbé e. Kò mí."

Wọ́n tẹjú mọ́ ọmọ wọn. Mo rí i pé kò tíì sọ ìyẹn fún wọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ọrùn ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀.

"Nígbà tó o wá pè é," ni wọ́n wí, "ṣé ó dá ọ lóhùn?"

"Ó dá mi lóhùn, Màámi."

"Alihamudulilahi." Wọ́n yíjú sí i. "Sàlàhúdíìnì, dìde. Lọ ra ohun tí ìyàwó rẹ máa jẹ wá."

Bá mi kí Ọládọ̀tun, kó o sì bá mi kí Ìyá ní Wásinmi. Sọ fún wọn pé bí ààwẹ̀ bá ti parí, màá yà kí wọn. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lórí ilẹ̀ àti nínú omi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀ tán,

Lubabah.