Bí Mo Ṣe Ná Owó Ojú Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara wa le nílé. Ọ̀nà ò ní dí mọ́ ọ. Ojú ọ̀tún nìkan ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, bí ìlà bá wọ́, fojú fò ó.

O mọ̀ pé ojú òsì mi ti funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, ìyá rẹ ló ń bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́. Lóṣù tó kọjá mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì pọ̀, oníbàárà bi mí bóyá ẹja lòun.

Mo bá gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ojú á là. Nọ́ọ̀sì wá fún mi ní ìwé kan, ó ní gbogbo ohun tó máa ná mi ló wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ mi ni kí n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí, èyí tí kò bá yé mi, kí n béèrè. Ọmọ mi, ta ló ń dá iye lé nǹkan tí kò fẹ́ ká ná an? Mo fìdí kalẹ̀, mo ń ná an lọ. Mo ní kí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ tó ń kunni lóorun, mo mọ oorun sùn, ìyá rẹ á jẹ́rìí. Kí wọ́n yọ owó bẹ́ẹ̀dì, màá gbé ẹní wá. Òwú ìránjú, mo ní i nílé, àwọ̀ mẹ́rìnlá. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo rò pé ẹ̀dínwó ló ń dùn ún. Ó ní ibí kì í ṣe ọjà, bàbá.

Àmọ́ mo ti dé ìlà keje. Gíláàsì tín-ínrín tí wọ́n máa fi sínú ojú, méjì ni wọ́n kọ. Mo ní ojú kan ló ń dùn mí, ṣé èènì ni èkejì? Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ìwé tọ dókítà lọ, ó padà dé, ó ní àṣìṣe ni, ká ní mi ò béèrè ni, ǹ bá ti san án. Wọ́n kọ òmíràn, owó wálẹ̀, ohun tí mo tọ́jú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kájú ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà.

Díẹ̀ tó kù, ọwọ́ rẹ ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ iye tí o máa fi ránṣẹ́ sínú ìwé, kí n lè béèrè èyí tí kò bá yé mi. Ẹ̀tọ́ mi ni. Kí o sì wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa tú báńdéèjì, torí ìwọ ni mo fẹ́ kí ojú tuntun yìí kọ́kọ́ rí.

Abẹ́rẹ́ rẹ ò ní bọ́ sínú koríko.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ olójú kan, títí di Ọjọ́bọ̀.